Oògùn Inú Èérún Pákó

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí tẹ̀ lọ́wọ́, ibi yòówù kí o ti rí i, yálà lórí ìjókòó ọkọ̀ tàbí lórí tábìlì ilé ìwòsàn, dákun, má tíì fi nu ọwọ́. Jókòó díẹ̀ kí o ka ìtàn ọkùnrin kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan pa dé jẹ́jẹ́, tí kò dún kẹ̀ẹ̀, òun ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Káfíńtà ni. Ilẹ̀kùn ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn sí ilé rẹ, ọmọ ìka kan ni wàá fi tì í, yóò sì lọ bá férémù rẹ̀ bí ẹni ń lọ bá ọ̀rẹ́. Ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí oníbàárà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ lọ fi aṣọ ta ẹnu ọ̀nà yín."

Bí ó bá ti gbé ayùn sílẹ̀, ilé ọtí ló kàn. Ó ń mu ún bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọtí ò ní sí mọ́ lọ́la.

Kò tíì darúgbó tí èémí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ọn. Bí ó bá fági díẹ̀, á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e láyà, ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò.

"Bàbá," ni dókítà wí, "inú ọkàn ènìyàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké. Wọ́n ń ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá, wọ́n ń pa dé kí ó má baà padà sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú tiyín ti bàjẹ́. Kò pa dé mọ́."

Káfíńtà wò ó. "Ṣé ìdè tó dè é mọ́ férémù ló yọ ni, àbí omi ló kó sí i lára tó fi wú?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ó ti gan ni. A máa là yín láyà, a máa yọ ọ́, a ó sì fi onírin rọ́pò rẹ̀."

Ẹ̀rín kò wá sí ẹnu káfíńtà mọ́.

Nínú yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, onígbàjámọ̀ kan ni ó wà lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Irú àìsàn kan náà ló ń ṣe àwọn méjèèjì, iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n jọ ń dúró dè. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé káfíńtà lọ, ó kígbe tí gbogbo yàrá fi gbọ́: "Ọlọ́run, bí O bá jẹ́ kí n jí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ọtí ò ní kan ẹnu mi mọ́! Tìrẹ ni mo máa jẹ́!"

"Àmín," ni onígbàjámọ̀ wí láti orí ibùsùn tirẹ̀. "Tètè parí tìẹ, ọ̀rẹ́ mi, kí èmi náà lè ráyè sọ tèmi."

Àwọn méjèèjì ni ó jí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé, nọ́ọ̀sì àgbà pe káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ó ní, "Onírin yìí kì í ṣe ẹran ara. Ẹ̀jẹ̀ á máa fẹ́ dì mọ́ ọn lára. Oògùn yìí ni kò ní jẹ́ kó dì. Ẹ máa lò ó lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà. Bí a bá ní kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ wá. Ẹ máa fọ eyín yín dáadáa, torí ìdọ̀tí ẹnu lè rìn dé ọkàn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ eyín yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé onírin wà láyà yín. Ẹ máa rìn káàkiri. Ẹ fi ọtí sílẹ̀."

"Ọjọ́ wo la máa lo oògùn yìí dà?" ni káfíńtà bi í.

"Títí ayé ni, sà."

"Títí ayé kẹ̀? Ìyàwó mi nìkan ni mo bá dá májẹ̀mú títí ayé o!"

"Ẹ fi oògùn náà ṣe ìyàwó kejì," ni nọ́ọ̀sì fèsì. "Èyí ò ní bá yín jà."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú. Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, wàá rí i tí ó ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, oògùn kékeré aláwọ̀ osùn ní àtẹ́lẹwọ́ kan, ife omi ní ọwọ́ kejì. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti gbé e mì tán, ó máa ń kó èérún pákó tó wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ sínú àpò, á gbé e lọ sílé láti fi dáná.

Ohun mìíràn tún wà. Bí ilé bá dákẹ́, wàá gbọ́ onírin náà láyà ọkùnrin yìí: tí, tí, tí, bí aago ọwọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dẹ́rù ba ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó yá, kì í lè sùn tí kò bá gbọ́ ọ.

Ara rẹ̀ yá. Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó ń gbé pákó, ó ń gun àkàbà. Bí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò, àwọn nọ́ọ̀sì á fi í han àwọn aláìsàn tuntun: "Ẹ wo bàbá yìí, ẹ má bẹ̀rù." Òun náà á na àyà, á ní, "Èmi kì í fo oògùn. Ẹ bi ìyàwó mi."

Ọdún ń gorí ọdún. Ara yíyá yìí gan-an ni ó sì ṣe é. Ẹni tí ara ń ro máa ń rántí Ọlọ́run. Ara kò ro ó mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ní kí ó kàn wá kí àwọn ènìyàn nílé ọtí. Ó ní, "Kí n kàn kí wọn ni, n kò ní jókòó." Ó jókòó. Wọ́n gbọ́ ìró tí ń bẹ láyà rẹ̀, inú wọn dùn, wọ́n sọ ọ́ ní Aago.

"Aago ti dé o! Aago, mélòó lo lù?"

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi etí lé e láyà yóò ra ife kan fún un. Ohun tí Ọlọ́run lò láti dá a sí, òun ló sọ di ohun ìran, ó ń fi gba ọtí.

Ẹnìkan kìlọ̀ fún un níbẹ̀ pé ọtí àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í bára wọn rẹ́. Kí ni ọlọ́gbọ́n wa yìí wá ṣe? Ó pinnu pé ní ọjọ́ tí òun bá máa mutí, òun ò ní lo oògùn. Ó ní òun kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì máa jà nínú òun. Lójú tirẹ̀, ìṣọ́ra nìyẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé kò sí ọjọ́ tí kì í mu, ìwọ náà mọ ibi tí oògùn já sí.

Ṣùgbọ́n kò ní ojú tí yóò fi sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ṣì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà yóò gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi sábẹ́ ahọ́n, yóò mu omi, yóò ní, "Ìyá wọn, o ṣeun o, Ọlọ́run á tọ́jú ìwọ náà." Bí obìnrin náà bá ti yíjú láti gbé ife kalẹ̀, yóò tu oògùn náà sínú èérún pákó.

Èérún pákó yìí kan náà ni ìyàwó rẹ̀ ń kó lọ sílé. Òun ni ó fi ń dáná oúnjẹ rẹ̀.

Bí ilé ìwòsàn bá pe káfíńtà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, yóò wọ aṣọ tó dáa, yóò jáde nílé, ilé ọtí ni yóò yà sí. Yóò padà wá sọ pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ òun dára.

Onígbàjámọ̀ ń gbọ́ fìnrín-fìnrín. Ọkùnrin yìí ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó sì ń gbé pẹ̀lú onírin tirẹ̀ ní àlàáfíà. Ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń rìn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ó sì ti fi abẹ ìfárí sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń fi gẹ irun, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá bí nǹkan bá gé e. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọ̀rẹ́ mi, n kò rí ọ níbi àyẹ̀wò mọ́. Ìlérí tí o ṣe fún Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ìwọ onígbàjámọ̀ yìí, ṣé orí mi lo tún fẹ́ fá ni? Lọ wá irun ibòmíràn."

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ní, "Ọjọ́ tí o bá fẹ́ mi, o mọ ṣọ́ọ̀bù mi." Ó lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n jókòó sí pálọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ó gbé orí sókè.

"Bàbá wọn, kí ló dé tí n kò gbọ́ yín dáadáa mọ́?"

"Ṣé mo sọ̀rọ̀ ni?"

"Àyà yín. Ìró rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó dà bíi pé ẹnìkan fi aṣọ wé e."

"Etí rẹ ló ń di," ni ó wí. Ó fi aṣọ bo àyà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

"Mo ní etí rẹ ló ń di!"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó lọ kan ilẹ̀kùn fún oníbàárà kan. Ó gbé ilẹ̀kùn náà dúró, kò lè gbé e dé ibi ìdè. Èémí tán nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ilẹ̀kùn náà ṣubú lé e lẹ́sẹ̀, kò sì lágbára láti tì í kúrò.

Dókítà náà ni wọ́n tún gbé e bá. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó tọ́ ọ dàgbà, sì ti sáré dé.

"Ẹ̀jẹ̀ ti dì mọ́ ilẹ̀kùn onírin yẹn," ni dókítà wí. "Kò lè ṣí dáadáa mọ́. Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Lójoojúmọ́," ni káfíńtà wí.

Kí dókítà tó fèsì, ìyàwó rẹ̀ ti kúnlẹ̀. "Dókítà, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún un. Ojú mi ló ṣe ń gbé e mì. Mo lè búra."

Dókítà wo ìwé àyẹ̀wò. "Ohun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sọ yàtọ̀. Kò sí àmì oògùn níbẹ̀. Níbo lẹ ti ń rà á, màmá? Ṣé ó dá yín lójú pé òun lẹ ń fún un?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n ń dúró dè. "Ẹ ẹ̀ gbọ́ o! Ìwọ obìnrin yìí, kí lo ń fún àbúrò mi? Kí ló ṣe fún ọ? Ṣé ilé rẹ̀ lo fẹ́ jogún ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Apààyàn!"

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo tó ń wá ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́.

Káfíńtà yíjú sí ògiri.

Ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí o rí i. Gbólóhùn kan ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi sábẹ́ ahọ́n, bí ó ti ń ṣe sí oògùn.

Dókítà tún sọ̀rọ̀. "Bí ó bá jẹ́ pé ó ń lò ó tí kò sì ràn án, a jẹ́ pé a kò lè fọkàn tán oògùn náà mọ́. A máa ní láti tún àyà rẹ̀ là, ewu rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé kò lò ó, a lè kọ́kọ́ gbìyànjú oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. N kò lè fi irọ́ tọ́jú ènìyàn. Ẹ ronú sí i. Mo ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni onígbàjámọ̀ dé. Ó fa àga, ó jókòó. Kò bá a wí.

"Mo bá ìyàwó rẹ níta," ni ó wí. "Lórí àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Àwọn ará ilé yín ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé àrùn ń ṣe é."

Káfíńtà pa ojú dé.

"Mo rántí ọjọ́ tí o kígbe nínú ilé ìwòsàn yìí," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún wí. "Mo ṣe àmín sí i. Ta ló jí ọ dìde?"

"Mú ẹnu kúrò níbẹ̀." Omi ti ń jáde lójú rẹ̀. "Ojú ń tì mí. Títu ni mò ń tu oògùn yẹn. Ó ń fún mi, mò ń tu ú. Mo jẹ́ kí wọ́n pè é ní apààyàn, mo yíjú sí ògiri. Kò sí irú mi láyé."

"Sọ ọ́ fún Ọlọ́run."

"Mo ti ṣèlérí fún Un rí, n kò sì mú un ṣẹ. Ojú tì mí kọjá kí n gbàdúrà."

"Sọ ìyẹn náà fún Un." Onígbàjámọ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ṣé o rò pé Jésù ò mọ bí ìtìjú ṣe ń rí ni? Ìhòòhò ni wọ́n kàn Án mọ́gi, lójú gbogbo ayé, wọ́n ń fi Í ṣẹ̀sín. Kò jẹ̀bi nǹkan kan. Tìẹ ló gbé. Tèmi ló gbé. Ìlérí kọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ́tẹ̀ yìí. Òtítọ́ ló ń fẹ́."

Káfíńtà kò mọ àdúrà gígùn. Ohun tí ó wí ni pé, "Jésù, òpùrọ́ ni mí. N kò ní nǹkan kan tí mo lè fi ṣèlérí mọ́. Ṣàánú mi." Ó pẹ́ tí ó fi ń sunkún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Bá mi pè wọ́n wọlé. Gbogbo wọn."

Ní ìrọ̀lẹ́, ní wákàtí tí ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé omi wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dúró yí ibùsùn rẹ̀ ká: dókítà, ẹ̀gbọ́n, àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí kò wọlé tán.

"Dókítà, n kò lo oògùn. Ó ti pẹ́. Ìyàwó mi kò mọ̀. Ó ń fún mi tọkàntọkàn, èmi ni mò ń tu ú, kí n lè mutí. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni apààyàn tí ẹ ń wá. Ara mi ni mò ń pa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi etí ìró rẹ̀ bo ẹnu.

Ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Níbo lẹ ń tu ú sí?"

"Inú èérún pákó."

Ó ronú díẹ̀. "Mo máa ń rí nǹkan pupa rúsúrúsú nínú rẹ̀. Mo rò pé ọ̀dà ilẹ̀kùn ni." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mo fi ń dáná fún yín."

Ó yí padà, ó jáde.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, Ọlọ́run sì ṣàánú, wọn kò là á láyà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ padà wá, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan oògùn. Nọ́ọ̀sì ló ń fún un. Ẹ̀gbọ́n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, àgbàlagbà obìnrin. Ìyàwó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́." Ìyẹn nìkan ló sọ.

Nígbà tí wọ́n délé, káfíńtà fúnra rẹ̀ ló ń bu omi. Ní ìrọ̀lẹ́, yóò dúró síwájú ìyàwó rẹ̀, yóò gbé oògùn mì, yóò wá la ẹnu, yóò ká ahọ́n sókè kí ó lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀, bí ọmọdé. Kò sẹ́ni tó ní kí ó ṣe é. Ó ń ṣe é lójoojúmọ́, ojú sì ń tì í lójoojúmọ́.

Ilé ọtí ránṣẹ́ pè é. "Aago, ṣé o ti dúró ni?" Ó rán wọn lésì pé, "Mo dúró, wọ́n sì tún mi ṣe. Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n sọ bó ṣe rí." Àwọn kan wá.

Oṣù lọ, oṣù bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tún la ẹnu, ó ká ahọ́n sókè.

"Ẹ pa ẹnu yín dé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

Ó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi etí lé e láyà, ó tẹ́ etí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń ró," ni ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló gbé omi wá sí ṣọ́ọ̀bù.

Káfíńtà náà gbé ọ̀pọ̀ ọdún sí i láyé. Ó ń rìn, ó ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn tí kò dún kẹ̀ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó bá aláìsàn tuntun sọ̀rọ̀, kì í na àyà mọ́. Yóò jókòó tì í, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara mi."

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Bóyá àyà rẹ dá ṣáká, tí kò sẹ́ni tó fi abẹ kàn án rí. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ìhìn rere rí. Ìyá rẹ sọ ọ́ fún ọ. Ọ̀rẹ́ kan sọ ọ́ fún ọ. O mi orí, o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, o fi sábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí wọ́n yíjú, o tu ú. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ rò pé o ti gbé e mì. Ọlọ́run mọ̀ pé kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ.

Má jẹ́ kí ìtìjú yí ojú rẹ sí ògiri. Ẹni tí a kàn mọ́gi ní ìhòòhò kò ní fi ọ́ ṣẹ̀sín. Sọ òtítọ́ fún Un níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó ká ìwé yìí sápò. Sọ pé, "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, ṣàánú mi." Bí ó bá sì ku ẹnìkan tí ó ń ru ẹ̀bi rẹ kiri, dìde, lọ gbà á lẹ́rù.

Ó ti pẹ́ tí Ó ti na ọwọ́ sí ọ, Ó ṣì dúró níwájú rẹ. Má tu ìhìn rere náà lọ́tẹ̀ yìí. Gbé e mì lónìí.